Òòlù Kan, Ọwọ́ Méjì

Èmi fúnra mi ni mo yan pákó tí wọ́n fi bo ọmọ mi nínú ibojì. Pákó ọ̀mọ̀ ni, ó ti gbẹ dénú. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo kó o jọ sí torí mo fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé àwọn pákó náà jáde, mo wọlé lọ mú òòlù gẹdú mi, mo sì lu orí àti ìdí pákó kọ̀ọ̀kan títí àmì mi fi wọ̀ ọ́ lára. Àlùfáà dúró, ó ń wò mí.

"Bàbá, kí lèyí?"

"Àmì mi ni. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun ò mọ ẹni tó ni í."

Ó yẹ kó bá mi wí. Kò bá mi wí. Ọmọ ìlú yìí lòun náà, bàbá ẹ̀ gé gẹdú kó tó kú. Ó kàn ní, "Ó ti tó, ẹ gbé e fún wọn," ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ wa lè má mọ òòlù tí mò ń wí. Kì í ṣe èyí tí káfíńtà fi ń kan ìṣó. Ojú ẹ̀ ní lẹ́tà tí wọ́n rọ sẹ́yìnsẹ́yìn, kí ó lè hàn bó ṣe yẹ lára igi. Onígẹdú kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, àwọn fọ́rẹ́stì, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ igbó, ló ń fún un láṣẹ ẹ̀, wọn kì í sì í fún ẹni méjì ní àmì kan náà. Bí igi bá ti wó báyìí, wàá lu kùkùté tó kù nílẹ̀, wàá lu orí gẹdú, wàá lu ìdí ẹ̀. Ó parí. Agbégilódò lè gbé e, wọ́n lè yí i sómi ní Ìwopin, wọ́n lè so ó pọ̀ mọ́ igi èèyàn bí ogójì lójú ọ̀sà, kò sí wàhálà. Ẹni tó bá rí i níbikíbi, àmì ló máa wò, yóò sì mọ ẹni tó ni í.

Mo rántí gbogbo àwọn tí a jọ ṣe iṣẹ́ yẹn lórúkọ: awakọ̀, agégi, àwọn obìnrin tó ń dáná fún wa nínú igbó Mamu, fọ́rẹ́stì tó máa ń bá wa jẹun tán kó tó máa pariwo mọ́ wa. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò parí ẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ èèyàn kì í bọ́ lórí mi. Orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn náà wà lórí mi, àti orúkọ ilé tí wọ́n ti jáde. N kò ní kọ ọ̀kankan. Kì í ṣe pé ó wù mí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ni mò ń wí. Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣírò owó oṣù òṣìṣẹ́ wọn, tí á sì fi ránṣẹ́ sí báńkì. Nígbà tí kíndìnrín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n gbà fún un kó máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Ó padà sọ́dọ̀ wa. Ó gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ ní pálọ̀, ó ní kí n fi sólà sórí òrùlé. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti ìyá ẹ̀ ti ń jẹun lórí itan.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì yẹn kì í ṣe ibi tí iṣẹ́ wà o. Ojú ihò lásán ni, ibi tó ti ń yọjú wo ẹ̀rọ gidi. Ẹ̀rọ gidi wà ní Èkó, ó ga ju èèyàn lọ, ó dúró gbagidi bíi kọ́bọ́ọ̀dù nínú yàrá tó tutù bí ilé ẹja dídì. Ó fi àwòrán ẹ̀ hàn mí. Mo ní, "Gbogbo èyí, láti ṣírò owó oṣù?" Ó ní, "Bàbá, tí èyí bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lebi máa pa."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó gbé òòlù mi sórí itan, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà ojú ẹ̀.

"Tí ẹlòmíì bá lọ rọ irú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀wọ̀n ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti àárọ̀ nìyí, ẹ ò mọ̀ ni! Màámi, ẹ wá gbọ́ o, ọmọ onígẹdú ni mí lóòótọ́!"

Ìyá ẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná. "Ọmọ onígẹdú, gbé ẹrù ẹ kúrò lórí tábìlì mi, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Ó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Ẹ̀rọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ́dọ̀ wọn, òun ni wọ́n ní kó sọ ọ́ lórúkọ. Gbogbo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ló ní nọ́ńbà tí àwọn tó ṣe é tẹ̀ sí i lára, tí kò ṣeé pa rẹ́. Bí ẹ̀rọ bá ń jí, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò wo nọ́ńbà ara ẹ̀, yóò wá lọ wo ìwé kan nínú ara ẹ̀ láti mọ orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà yẹn. Orúkọ yẹn ni yóò máa pe ara ẹ̀. Ìwé kejì tún wà tó ń sọ orúkọ tí àwọn ẹ̀rọ yòókù lójú ọ̀nà yóò máa fi pè é, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe é ló kù sí kí méjèèjì bára mu. Tí nọ́ńbà kò bá sí nínú ìwé, ẹ̀rọ á kàn jí bí ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ, á máa jẹ́ orúkọ tó bá ilé iṣẹ́ wá.

"Tí ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan ńkọ́?"

"Hà! A ti gbé. Ẹni tí wọ́n ń pè kọ́ ló máa dáhùn."

Àmì òòlù mi ló sọ ẹ̀rọ náà. Ó ní wọ́n fàyè gba lẹ́tà mẹ́jọ, tèmi ò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ẹnì kan ní, "Alhaji, ṣé ẹ̀rọ náà máa la pákó fún wa ni?" Òmíràn ní kí n lọ san owó orí ẹ̀ fún fọ́rẹ́stì. Inú mi kò bàjẹ́. Ní àkókò yẹn n kò gégi mọ́, àwọn tí wọ́n ń gé e nísinsìnyí kò tilẹ̀ dúró kí igi dàgbà. Mo rò pé òòlù mi ti kú. Ọmọ mi jí i.

Ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ni àbíkẹ́yìn ìyá ìyàwó mi. Nígbà tó wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, ọ̀kadà ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Ọmọ mi kéré nígbà náà. Orí ejìká àbúrò ìyá ẹ̀ yìí ló ti ń wo àwọn lọ́rì gẹdú tó ń kọjá. Bọ̀ọ̀dá ló ń pè é, kò fìgbà kan pè é ní ọ̀gá àfi tó bá ń bá a jà. Òun ló mú un wọ iṣẹ́ náà, a kì í jókòó jẹun kí ìyàwó mi má rántí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò ẹ̀.

Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ fún ọmọ mi láti kékeré. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní òòlù méjì, ògbólógbòó àti tuntun, àmì kan náà. Àbúrò ẹ̀ ń gégi lápá Wọ́tásáìdì létí ọ̀sà, fọ́rẹ́stì kò tíì fún un láṣẹ. Ó wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun yá òun ní ògbólógbòó yẹn lò fún sáà kan. Gbogbo wa tí a wà níbẹ̀ mọ̀ pé kò dáa. Ọ̀gá mi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú paraku ni, ó ní, "Ulé kan náà la ti jáde, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi òòlù dù ú?" Ó yá a. Nígbà tí igi àwọn méjèèjì pàdé lójú ọ̀sà ní Ìwopin, kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní èyí tó tóbi jẹ́ tòun, àbúrò ní tòun ni. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́ tí a sin ọ̀gá mi, àbúrò ẹ̀ dúró sódì kejì títì, kò kọjá wá.

Ọmọ mi fẹ́ràn ìtàn yẹn. Ó ní òun máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọṣẹ́ tuntun ní Èkó, wọn á máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ wọn ní ìkejì, ní ìlú mìíràn, tó kàn ń jókòó de ọjọ́ tí ìkíní bá dákú kó lè bọ́ sípò ẹ̀. Orúkọ ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́. Àwọn àlejò kan wá ń bọ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó lè ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ó wá ku ohun kan: àwọn iṣẹ́ kan wà nínú ẹ̀rọ tó jẹ́ pé orúkọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Tí orúkọ kò bá jẹ́ ti ìkíní, wọn ò ní dìde. Bọ̀ọ̀dá pè láti Èkó. Ọmọ mi ń bó ẹ̀pà, ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta, èmi àti ìyá ẹ̀ sì ń gbọ́.

"Ṣáà kọ orúkọ ìkíní fún ìkejì. Wákàtí díẹ̀ ni."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ já a kúrò lójú ọ̀nà, Bọ̀ọ̀dá. Kó má rí ẹnikẹ́ni, kí ẹnikẹ́ni má rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè máa pè é ní ohun tó bá wù yín."

"Tá a bá já a, kí làwọn àlejò fẹ́ wò? Àga?"

"N ò ṣe é, sà."

"Sà ti dé! Èmi ni mo ní kó o ṣe é."

"Mo ní n ò ṣe é. Ẹ máa bínú. Tẹ́ ẹ bá bínú tán, ìkọ́kọrẹ́ wà nílẹ̀ ní Sátidé."

Ó rẹ́rìn-ín lódì kejì. Ìyàwó mi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní nínú mi pé ọmọ yìí gbọ́n ju ọ̀gá mi lọ.

Kò dé Sátidé. Ara ẹ̀ wú, èémí ń kúrú, a gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Èmi ni mò ń sáré oògùn kiri, ìyá ẹ̀ ló ń jókòó tì í. Nígbà tí mo wà níta ni Bọ̀ọ̀dá wá kí i. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹnu ìyàwó mi ni mo ti gbọ́ ọ, ìyẹn sì ni kí ẹ fi sọ́kàn.

Ní ilé iṣẹ́ yẹn, kálukú ló ní orúkọ tó fi ń wọ inú ẹ̀rọ, àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tó dà bíi kọ́kọ́rọ́. Ohunkóhun tí o bá ṣe níbẹ̀, ẹ̀rọ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwọ ni. Ìwé tó ń sọ ẹ̀rọ lórúkọ, ọmọ mi nìkan ni wọ́n gbà láyè kó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá lọ̀gá ń jẹ́, orúkọ tiẹ̀ kò lè ṣí i. Bọ̀ọ̀dá jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé èso àjàrà kalẹ̀. Ó ní kí iṣẹ́ má bàa dúró, kó fún òun ní ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi yá. Ọmọ mi ní, "Ẹ ò ní lọ ṣe èyí tí mo ní n ò ṣe?" Ó ní, "Èmi? Ìwọ sinmi jàre." Ìyàwó mi náà dá sí i, ó ní, "Fún Bọ̀ọ̀dá ẹ, jẹ́ kó máa lọ, ilẹ̀ ń ṣú." Ọmọ mi sọ ọ́ fún un, Bọ̀ọ̀dá tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù. Ìyàwó mi sọ gbogbo èyí fún mi nígbà tí mo padà dé, bí ẹni ń sọ pé àlejò wá. Kò tíì sí ohun tó burú nínú ẹ̀ nígbà náà.

Ó lọ, ó sọ ẹ̀rọ kejì ní orúkọ ìkíní. Kò já a kúrò lójú ọ̀nà. Bóyá ó gbàgbé, bóyá ó rò pé kò ní pẹ́, n kò mọ̀, n kò sì bìkítà mọ́. Àwọn ẹ̀rọ báńkì ń pe orúkọ yẹn, méjèèjì ń dáhùn. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ìkejì, ó jókòó síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ìkíní ń sọ pé òun ò rí nǹkan gbà. Ìparí oṣù ni. Àwọn èèyàn ń pariwo lórí rédíò pé wọn ò rí owó wọn. Mo gbọ́ ọ nínú ilé ìtajà oògùn, mo tiẹ̀ ṣépè fún ẹni tó fà á.

Kúẹ́rì dé sórí fóònù ọmọ mi nínú bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní orúkọ ẹ̀ ni ẹ̀rọ sọ pé ó ṣe é, wọ́n ní kó ṣàlàyé. Ó kà á, ó gbé fóònù náà sí àyà. Ó pe Bọ̀ọ̀dá, kò gbé e. Ó tún pè é, kò gbé e. Lẹ́yìn náà a wá gbọ́ pé Bọ̀ọ̀dá ti sọ fún wọn pé láti orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọmọ náà ti ṣe é, pé àìsàn ni kò jẹ́ kó ronú dáadáa, kí wọ́n ṣàánú ẹ̀.

Ọmọ mi yíjú sí mi. "Bàbá, èmi kọ́ o. Ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́."

"Èmi kọ́ ni mo sọ méjì ní orúkọ kan. Èmi tí mò ń fi ìtàn ọ̀gá yín kọ́ àwọn ọmọ! Wọn á máa fi mí rẹ́rìn-ín báyìí. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé èmi kọ́."

Mo ní màá sọ. Ó tún béèrè ní ọjọ́ kejì bóyá mo ti sọ. Mo ní kó jẹ́ kí ara ẹ̀ yá ná, ká jọ lọ. Ara ẹ̀ kò yá.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ̀ wá kí wa, wọ́n kún pálọ̀, wọ́n jókòó yí tábìlì ẹ̀ ká. Bọ̀ọ̀dá ló ṣáájú wọn, ó sunkún, ẹkún gidi ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúà, ọ̀kan nínú wọn ní kí Ọlọ́run forí jì í, pé àṣìṣe tó ṣe lópin yẹn, ilé iṣẹ́ ti gbójú fò ó. Mo gbójú sókè. Bọ̀ọ̀dá di ojú, ó ní, "Àmín."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Èkó. Wọ́n mú mi jókòó sí yàrá kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ táì wá bá mi, ọmọlúàbí ni, ó fi eékún kan kúnlẹ̀. Ó ní, "Dádì, a kẹ́dùn o. A ò fẹ́ kí ẹ máa da ara yín láàmú. Ẹ̀rọ kì í parọ́, orúkọ wọn ló wà níbẹ̀."

"Orúkọ ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ kọ́."

"Ọwọ́ ta ni, Dádì?"

Mo dárúkọ ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Dádì, ẹ rọra. Ọ̀gá wa nìyẹn. Ta ló rí i?"

"Ìyá ẹ̀ rí i. Ojú ẹ̀ ló ṣe gba ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ ọmọ."

"Kí Mọ́mì wá, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́, àwọn tó wà lókè á gbọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀..." Wọ́n gbé omi tútù wá, n kò mu ún.

Mo dúró títí di àdúà ogójì ọjọ́ torí n kò fẹ́ da ilé rú kó tó di ìgbà náà. Lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà jẹun tán, mo pe Bọ̀ọ̀dá sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí pákó yòókù wà. Mo ní, "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Lọ sọ fún wọn pé òun kọ́."

Kò sẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Tó bá sẹ́ ni, mi ò bá ti gbá a létí, ara á sì tù mí.

"Bọ̀ọ̀dá," ó ní, èmi ló ń pè bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀, "mo mọ̀. Ojoojúmọ́ ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti lọ ò ní iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Èmi ní. Àwọn ọmọ mi ń lọ síléèwé. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn ẹni tí kò lè pa lára."

"Ó pa á lára. Ó kú pẹ̀lú ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ìyẹ̀fun pákó pẹ̀lú agbádá funfun ẹ̀. Mo fi í síbẹ̀, mo wọlé.

Ìyàwó mi ń pa abọ́ mọ́. Mo ní kó múra, pé àwa méjèèjì ń lọ sí Èkó lọ́la, pé òun nìkan ló kù tí wọ́n máa gbọ́ tiẹ̀. Ó gbé abọ́ sílẹ̀. Kò wojú mi.

"Bàbá wọn, mo gbọ́ ohun tí ẹ̀yin àti òun jọ sọ."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo tún ní kó fún un." Ó jókòó sórí àga ọmọ wa, nídìí tábìlì. "Ìyá mi ṣì wà láyé, ẹ mọ̀. Ojú mi ni wọ́n bí ọmọkùnrin yẹn, ẹ̀yìn mi ló sùn. Mo ti sin ọ̀kan. Ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sin èkejì?"

"Ọmọ rẹ ní kí n sọ fún wọn pé òun kọ́."

"Ẹ ti sọ fún wọn."

"Wọn ò gbà mí gbọ́! Ìwọ ni wọ́n ń retí."

Ó mi orí. Mo pariwo, àwọn aládùúgbò gbọ́ mi. Mo sọ ohun tí n kò sọ fún un rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ nu tábìlì tí kò dọ̀tí.

Iléyá dé. Bọ̀ọ̀dá fi itan àgbò ránṣẹ́, kò wá fúnra ẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti ibi iṣẹ́ wọn ló gbé e wá, òun náà ló wá gba kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wa. Mo bi í léèrè orúkọ tí ẹ̀rọ ń jẹ́ báyìí, mo rò pé wọ́n á ti pa á dà. Ó ní, "Ó ṣì ń jẹ́ orúkọ tí Àǹtí sọ ọ́, Bàbá. Gbogbo báńkì ló ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wàhálà ẹ̀ á pọ̀ jù." Torí wàhálà ni o, kì í ṣe torí iyì. Ó wé okùn kọ̀ǹpútà náà dáadáa, ó kí wa, ó lọ. Tábìlì ṣófo.

Ìyàwó mi se ẹran náà. Ó gbé e síwájú mi, n kò fọwọ́ kàn án, mo mu gààrí. Nígbà tó yá mo rí i pé òun náà ò jẹ ẹ́. Ó gbé gbogbo ìkòkò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ilé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó padà wá jókòó.

"Ẹ kọ ọ́," ó ní. "Ẹ̀yin náà kàwé díẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ bó ṣe rí, kí èmi náà mọ̀ pé ó wà níbì kan. Ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Tèmi ńkọ́? Ti ọmọ náà ńkọ́?"

"Ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá kọ ti ọmọ, wọ́n á mọ ti àbúrò ìyá ẹ̀."

Mo ti kọ ọ́. Mo gba ẹ̀bẹ̀ ìyàwó mi, kò sí orúkọ ẹnì kan níbí, kò sí ti Bọ̀ọ̀dá, kò sí ti ilé iṣẹ́, kò sí ti ìyá tó rí i. Nínú ẹ̀rọ tó wà ní Èkó nìkan ni orúkọ wà, ọ̀kan ṣoṣo, ti ọmọ mi, níwájú ohun tí kò ṣe.